Kí ẹ tó fi ayùn kan bọ́ńpà mọ́tò yín: Ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa atẹ́gùn tútù tí ẹ́ńjìnnì ń fà

Bí èèyàn bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa lóde òní, pàápàá níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn mọ́tò eré máa ń pé jọ sí, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ti fi ayùn la ihò sí bọ́ńpà iwájú rẹ̀. Láti inú ihò náà, páìpù kan tó nípọn tó apá ọkùnrin ni yóò yọjú, asẹ́ pupa tàbí aláwọ̀ búlúù yóò sì wà lórí rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn dé fìlà. Bí ẹ bá béèrè ohun tí ihò náà wà fún, ìdáhùn tí ẹ óò gbọ́ kò ju mẹ́ta lọ: wọ́n á ní ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí dáadáa, wọ́n á ní ó ń fi kún agbára rẹ̀, wọ́n á sì tún ní ó ń dín epo tí mọ́tò ń mu kù.

Ọ̀rọ̀ kẹta yìí gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní eré ọ̀dọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, onímọ́tò wo ni kò wá ọ̀nà tí lítà epo kan yóò fi gbé e jìnnà sí i? Ẹni tó ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ń wá a, ẹni tó kàn ń fi tirẹ̀ gbé ọmọ lọ sílé-ìwé náà ń wá a. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún irú wọn pé ihò kan àti páìpù kan ni yóò yanjú ìṣòro ọ̀hún, owó yóò jáde nínú àpò. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iṣẹ́ tó dà bí ẹni pé ayùn àti páìpù nìkan ló gbà yìí lè sọ odidi ẹ́ńjìnnì di irin àlòkù lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí òjò bá rọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní ká tú iṣu ọ̀rọ̀ náà désàlẹ̀ ìkòkò, kí oníkálukú lè mọ ohun tó ń rà àti ohun tó fi ń ṣe pààrọ̀ rẹ̀.

ATẸ́GÙN NI OÚNJẸ Ẹ́ŃJÌNNÌ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé epo nìkan ni mọ́tò ń jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gẹ́gẹ́ bí iná àdògán kò ṣe lè jó bí wọ́n bá dí ẹnu rẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ náà ni epo kò lè jó nínú ẹ́ńjìnnì bí kò bá sí atẹ́gùn. Kí epo bẹntiróòlù tó lè jó tán pátápátá, kílò epo kan ń fẹ́ bíi kílò 14.7 atẹ́gùn. Ẹ má sì gbàgbé pé atẹ́gùn fúyẹ́ púpọ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò náà dáadáa, lítà epo kan ṣoṣo ń fẹ́ atẹ́gùn tó tó lítà 9,000 sí 10,000 kó tó jó tán. Ẹ wo dúrọ́ọ̀mù omi onílítà 200 tó wà lẹ́yìn ilé: atẹ́gùn tó lè kún irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ bíi 47 ni ẹ́ńjìnnì ń fà símú nítorí lítà epo kan.

Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú mọ́tò ìgbàlódé tó ń ṣe ìṣirò yìí láìsinmi. Òun ló ń wo iye atẹ́gùn tó wọlé, òun ló sì ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo pé kó fọ́n èyí tó bá a mu. Nítorí náà, bí atẹ́gùn bá pọ̀ sí i, epo náà yóò pọ̀ sí i, iná tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì yóò lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agbára ọkọ̀ yóò sì gbéra. Ẹ fi gbólóhùn kan sọ́kàn níbí, nítorí a óò padà sí i: atẹ́gùn tó pọ̀ sí i kì í dín epo kù, ńṣe ló ń béèrè epo sí i.

ÌDÍ TÍ ÈYÍ TÓ TUTÙ FI SÀN JU ÈYÍ TÓ GBÓNÁ LỌ

Sílíńdà ẹ́ńjìnnì dà bíi kóńgò tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń wọn gààrí. Kóńgò kì í tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í kéré sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé gààrí tí wọ́n kì mọ́ kóńgò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n rọra bù sí i kó lè tètè kún. Atẹ́gùn tó tutù ń kì mọ́ra. Èyí tó gbóná ń wú, ó sì ń gba ààyè lásán. Bí ooru bá wà ní 25°C, atẹ́gùn tó kún inú àpótí tó jẹ́ mítà kan lóròó, mítà kan níbùú àti mítà kan ní gíga wúwo tó kílò 1.18. Bí atẹ́gùn ọ̀hún bá gbóná dé 60°C, irú èyí tó lè wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kílò 1.06 péré ni yóò kù nínú àpótí náà. Ìyẹn ni pé bí ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ ẹ́ńjìnnì ti sọnù kó tó kan ẹnu rẹ̀. Ìṣirò tó rọrùn láti rántí ni pé bí ooru atẹ́gùn bá fi 3°C wálẹ̀, ìwúwo rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè.

Orí ìmọ̀ yìí ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ àṣà náà dúró lé. Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1990, àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń lo Honda Civic àti Acura Integra bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àpótí asẹ́ afẹ́fẹ́ tó bá ọkọ̀ wọn wá, wọ́n sì ń fi páìpù gígùn kan rọ́pò rẹ̀. Páìpù náà yóò gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá, yóò wọ inú ihò kan nísàlẹ̀, yóò sì gbé asẹ́ rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bọ́ńpà, níwájú táyà, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì kò dé. Ohun tí wọ́n ń pè ní cold air intake nìyẹn. Àwọn kan tún wá ń la bọ́ńpà fúnra rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sára asẹ́ náà tààrà. Nígbà tí fíìmù The Fast and the Furious jáde lọ́dún 2001, ìfẹ́ sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri ayé.

Kò ṣòro láti mọ bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tòkunbọ̀ tó ń wọ ilẹ̀ wa ti ń wá, òmíràn sì lè bá páìpù yìí dé, kí ẹni tó rà á má mọ̀ pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà ló fi síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní California yẹn kan náà, òfin kò gbà kí èèyàn kàn fi irú páìpù bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì. Ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń mójú tó ìmọ́tótó afẹ́fẹ́.

ỌKỌ̀ YÍN TI NÍ IMÚ TẸ́LẸ̀

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín lówùúrọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ẹ wá àpótí oníke dúdú tí asẹ́ afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ̀lé ẹnu rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbàlódé, ẹ óò rí i pé ẹnu náà kò kọjú sí ara ẹ́ńjìnnì. Ó lè kọjú síwájú lókè nítòsí orí rédíétọ̀, ó lè wà lẹ́yìn iná iwájú, ó sì lè wọ inú fẹ́ńdà lọ. Atẹ́gùn ìta ni ó ń fà. Lọ́rọ̀ kan, èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe mọ́ ọkọ̀ yín gan-an ti ń fa atẹ́gùn tútù kí ẹnikẹ́ni tó mú ayùn.

Kí ló wá kù tí ihò bọ́ńpà yóò ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ tó pọ̀ nílẹ̀ wa ṣe àpẹẹrẹ. Toyota Corolla tó jáde láàárín ọdún 2003 sí 2008, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, ní agbára ẹṣin tó tó bíi 130. Ká ní ihò tí wọ́n la mú kí atẹ́gùn tó ń wọlé fi 5°C tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ohun tí yóò fi kún agbára náà kò lè pé ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Agbára ẹṣin 2 péré nìyẹn. Bí èrò mẹ́rin bá jókòó sínú ọkọ̀ ọ̀hún, ẹsẹ̀ ta ni yóò mọ̀ ọ́n lára?

Àwọn kan á ní afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń sá pàdé ni yóò máa ti atẹ́gùn wọlé tipátipá. Òótọ́ ni pé ó ń tì í, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe tó. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ìtì afẹ́fẹ́ náà kò tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìtì tí afẹ́fẹ́ ayé ń tì wá lójoojúmọ́. Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń pọ̀ jù lọ náà sì rèé, ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ti nílò agbára, nítorí kò sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ.

Kí ló dé tí àwọn tó ṣe é fi ń búra pé mọ́tò àwọn ti yí padà? Ariwo ni. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi àpótí kékeré kan mọ́ ara páìpù atẹ́gùn láti máa gbé ohùn ẹ́ńjìnnì mì. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, tí wọ́n fi páìpù irin rọ́pò rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹkùn bí awakọ̀ bá ti tẹná. Etí gbọ́ ohun tuntun, ọkàn sì gbà pé eré ló dé. Èyí tó tún burú jù ni ti àwọn tó yọ àpótí náà tán, tí wọ́n sì fi asẹ́ ìhòòhò sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ láìgbé e lọ síta. Wọ́n fi owó ra ohun tí ń fa atẹ́gùn gbígbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọ̀RỌ̀ EPO ŃKỌ́?

Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ́ńjìnnì, tó ń ṣí bí ẹ bá tẹná, tó sì ń padé bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá tẹná délẹ̀, ìlẹ̀kùn yìí ló ń pinnu iye atẹ́gùn tó ń wọlé, kì í ṣe ihò tó wà lára bọ́ńpà. Bí atẹ́gùn bá wá tutù sí i, ńṣe ni ẹ óò kàn fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ọkọ̀ má baà sáré ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Epo tí yóò gbé ọkọ̀ kan náà rin ọ̀nà kan náà kò torí rẹ̀ dín kù. Bí ẹ bá sì wá ń tẹná délẹ̀ nítorí ohùn tuntun tó dùn létí, epo tí ẹ óò máa rà yóò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dín epo kù, kó wo afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ̀, kó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tó ti gbó, kó kó ẹrù tí kò wúlò kúrò ní búùtù, kó sì máa wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì gbà lè wọn ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kó tó náwó. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ẹnu kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí àwọn ríwáyà máa ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀rọ náà yóò sọ bí atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ẹ wò ó nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lọ geere lójú ọ̀nà, kí ẹ sì fi wé ooru ìta. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju 5°C lọ, kò sí ohun tí ayùn ń wá lára bọ́ńpà yín. Bí ó bá tó 20°C, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá páìpù tó bá ọkọ̀ wá ló ti já tàbí tó ti sọnù, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tún iwájú ọkọ̀ ṣe.

OMI KÒ LỌ́TÀÁ, ṢÙGBỌ́N Ẹ́ŃJÌNNÌ Ń BẸ̀RÙ RẸ̀

Ibi tí ewu wà gan-an la dé yìí. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí omi bá gba imú wọ ẹ́ńjìnnì, ọ̀rẹ́ ti di ọ̀tá nìyẹn. Iṣẹ́ písítìnnì ni láti fún atẹ́gùn inú sílíńdà pọ̀ títí yóò fi kù díẹ̀. Atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀. Omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀ nígbà tí písítìnnì ń gòkè bọ̀, kò ní sí ibi tí omi náà yóò yà sí. Kọ́ńrọ́ọ̀dù tó gbé písítìnnì dání yóò tẹ̀ bí igi tútù, nígbà mìíràn yóò kán, yóò sì lu ara ẹ́ńjìnnì jáde.

Báwo ni omi náà ṣe ń pọ̀ tó kí èyí tó ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká padà sí Corolla wa. Sílíńdà mẹ́rin ló pín lítà 1.8 náà, ìyẹn bíi mílílítà 450 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí písítìnnì bá gòkè dé òpin, ààyè tó kù lókè rẹ̀ kò ju mílílítà 50 lọ. Ẹ wo omi inú ọ̀rá, èyí tí à ń pè ní píọ̀-wọ́tà, tó jẹ́ mílílítà 500. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, ohun tí ọmọdé lè mu tán lẹ́ẹ̀kan, ti tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ bí ó bá wọ inú sílíńdà kan ṣoṣo.

Nísinsìnyí, ẹ wo ibi tí wọ́n gbé asẹ́ náà sí: kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bọ́ńpà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí ilẹ̀. Ní ilẹ̀ tí òjò kì í pọ̀, ó lè pẹ́ kó tó fa ìjàngbọ̀n. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ níbí? Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011, àgbàrá òjò gba ọ̀pọ̀ títì ìlú Èkó. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún kan náà, omíyalé ya wọ Ìbàdàn, ó gbé afárá lọ, ó sì gba ẹ̀mí èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò dìgbà tí ó bá le tó bẹ́ẹ̀ kí mọ́tò tó wà nínú ewu. Ojú títì tí gọ́tà rẹ̀ dí, tí omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, ti tó. Kódà bí omi bá sì wà nísàlẹ̀ asẹ́, bọ́ọ̀sì kan tó bá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè gbé ìgbì rẹ̀ dìde. Asẹ́ yóò rì, ẹ́ńjìnnì yóò fà á bí ẹni ń fi ìfami mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ohun gbogbo yóò sì dákẹ́. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá; ẹni eji rí leji ń pa.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi gbé imú rẹ̀ sókè. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ pé atẹ́gùn ìsàlẹ̀ tutù. Wọ́n gbà láti pàdánù ìwọ̀nba agbára kékeré kan kí ọkọ̀ lè la òjò kọjá.

Bí omi bá ti pa mọ́tò yín lójú ọ̀nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbìyànjú láti tún un tanná. Ẹ́ńjìnnì tó kú jẹ́jẹ́ lè má tíì bàjẹ́. Títanná lẹ́ẹ̀kejì ni ó sábà máa ń tẹ irin inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kó ṣí asẹ́ wò, kó yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kó sì yí ẹ́ńjìnnì náà kí omi lè tú jáde kí wọ́n tó dá púlọ́ọ̀gì padà. Kó wo ọ́ìlì pẹ̀lú. Bí ó bá funfun bíi ẹ̀kọ mímu, omi ti dé ibẹ̀, ó di dandan kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN BỌ́ŃPÀ

Yàtọ̀ sí ti omi, bọ́ńpà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ike tí à ń rí níta ni awọ rẹ̀. Lẹ́yìn ike náà ni fóòmù wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tó ń dín ìpalára kù bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, tó sì lè gba ẹsẹ̀ ẹni tí ọkọ̀ bá ṣèèṣì kọlù. Lẹ́yìn fóòmù ni irin ìdábùú wà, èyí tí wọ́n so mọ́ ara férémù ọkọ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì kó lè pín ìkọlù káàkiri. Nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n tún máa ń fi sẹ́ńsọ̀ èábáàgì sí, ìyẹn àpò tó máa ń wú láti gba orí àti àyà awakọ̀. Ike nìkan ni ayùn lè kàn. Ẹni tó bá gé irin ìdábùú kí páìpù lè kọjá ti yọ asà kúrò níwájú ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ti àwọn ọkọ̀ tuntun tún le sí i, nítorí wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ mìíràn nínú bọ́ńpà tó ń wo ọkọ̀ iwájú. Wáyà kan ṣoṣo tí ayùn bá gé níbẹ̀ lè mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má rí ọ̀nà mọ́.

BÍ Ó BÁ DI DANDAN KÍ Ẹ ṢE É

A mọ̀ pé ìkìlọ̀ kì í dá olólùfẹ́ mọ́tò dúró. Ọ̀nà àárín kan wà tí ewu rẹ̀ kéré. Ẹ fi àpótí asẹ́ tó bá ọkọ̀ wá sílẹ̀ sí àyè rẹ̀ lókè. Dípò kí ẹ gbé asẹ́ lọ bá atẹ́gùn nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gòkè wá bá asẹ́.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wo ihò tó ti wà lára bọ́ńpà. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí kò ní fóògì láìtì, ìyẹn iná kékeré ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì fi ike dí àyè rẹ̀. Ike yẹn ṣeé yọ láìbá ayùn ṣe, ó sì ṣeé dá padà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gígé ló kù, ẹ yọ bọ́ńpà kúrò lára ọkọ̀ kí ẹ lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ibi tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ sì ya ìlà sórí téèpù náà. Ẹ kọ́kọ́ fi dírìlì lu ihò kékeré sí igun kọ̀ọ̀kan, nítorí igun tí ayùn dé ṣóńṣó ni ike ti máa ń là. Ẹ fi ayùn eléyín wẹ́wẹ́ rọra gé e, kí ẹ fi sáńpépà ra etí rẹ̀, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì irin bo ẹnu ihò náà kí òkúta àti ọ̀rá ìdọ̀tí má baà wọlé. Ẹ má ṣe gba àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé rédíétọ̀, ẹ má sì ṣe gba àyè nọ́ńbà iwájú ọkọ̀.

Láti ẹnu ihò náà, ẹ fa páìpù rírọ̀ gòkè lọ sítòsí ẹnu àpótí asẹ́. Ẹ gbọ́ dáadáa: sítòsí rẹ̀ ni a wí, ẹ má ṣe so ó pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi àlàfo tó tó ìka mẹ́ta sí mẹ́rin sílẹ̀, kí ẹ sì lu ihò sí ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ lára páìpù náà kí omi lè máa kán dànù. Bí ẹnu ìsàlẹ̀ bá tiẹ̀ rì sómi, ẹ́ńjìnnì yóò máa mí láti inú àlàfo náà, kò sì ní fa omi sókè. Àlàfo kékeré yìí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń wakọ̀ lọ sílé àti ẹni tó ń wá ẹni tí yóò wọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

ERUKU ỌYẸ́ NÁÀ Ń BẸ NÍBẸ̀

Bí òjò bá lọ, ọyẹ́ yóò dé. Eruku tó ń fẹ́ láti ìhà àríwá lásìkò náà kúnná, yanrìn sì wà nínú rẹ̀. Asẹ́ oníwèé tó bá ọkọ̀ wá máa ń mú un dáadáa. Òmíràn nínú àwọn asẹ́ ìhòòhò tí wọ́n ń tà fún eré ní ojú gbòòrò kí atẹ́gùn lè tètè kọjá, ohun tó sì jẹ́ kí atẹ́gùn tètè kọjá lè jẹ́ kí eruku náà kọjá. Eruku yẹn yóò máa ha ara sílíńdà díẹ̀díẹ̀ bíi sáńpépà, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, tí èéfín aláwọ̀ búlúù yóò sì máa jáde ní sàlẹ́ńsà.

Àwọn asẹ́ kan tún wà tí wọ́n ń fi ọ́ìlì pa lára. Bí ọ́ìlì náà bá pọ̀ jù, ó lè lẹ̀ mọ́ wáyà tín-ínrín tó ń wọn atẹ́gùn fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Wáyà tí ọ́ìlì bò kò ní wọn òdodo mọ́. Epo tí kọ̀ǹpútà yóò máa fọ́n kò ní bá atẹ́gùn mu, iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì yóò tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni tó fẹ́ fi páìpù dín ìnáwó kù yóò sì di oníbàárà ríwáyà.

Ní ìparí, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ràn mọ́tò rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ díje ní pápá eré, tó ń tẹná délẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, agbára ẹṣin 2 lè jẹ́ ohun ńlá lójú rẹ̀, omi kò sì ní pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ síbi iṣẹ́, lọ sọ́jà, lọ gbé ọmọ lójò lẹ́ẹ̀rùn, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó pààrọ̀ asẹ́ tó ti dọ̀tí, kó sì rí i pé páìpù atẹ́gùn tó bá ọkọ̀ náà wá wà níbi tí wọ́n fi í sí. Nítorí ọ̀la la ṣe ń ṣe òní lóore. Ọkọ̀ tí imú rẹ̀ wà lókè lónìí ni yóò gbé olówó rẹ̀ délé lọ́jọ́ tí àgbàrá bá gba títì.